Etíkun Írẹ́lándì, Ìjọba Ìbílẹ̀ Clare àti Igbó Ọ̀ṣun Tiwa

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín fún iṣẹ́ takuntakun tí ẹ ń ṣe láti máa fi èdè abínibí wa gbé ìròyìn jáde. Ọmọ bíbí Òṣogbo ni mí, ìlú Galway ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, mo sì wà nílé báyìí fún ìsinmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá kí mi láti ìgbà tí mo ti dé ló ń bi mí léèrè bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí àti iye tí wọ́n ń san fún iṣẹ́ wákàtí kan. Mo dá wọn lóhùn bó ti yẹ, ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo rí ní ilẹ̀ náà ni bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní mọ́tò, tí kò sì ní ju ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú lọ́wọ́, ṣe lè rí ọ̀kan nínú àwọn etíkun tó lẹ́wà jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù láìjẹ gbèsè, láìsì ṣìnà. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí mo gbà tọkàntọkàn pé ìjọba ìbílẹ̀ tiwa náà lè ṣe irú rẹ̀ fún Igbó Ọ̀ṣun àti fún àwọn ibi mìíràn tí Ọlọ́run fi jíǹkí ìpínlẹ̀ yìí.

Erékùṣù ni Írẹ́lándì. Apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ló kọjú sí Òkun Atlantic, òkun kan náà tó ń lu etíkun wa ní Èkó àti Badagry. Ní ọdún 2014, wọ́n so àwọn ọ̀nà tó tẹ̀lé etíkun yìí pọ̀ di ọ̀nà ìrìn-àjò afẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ní Wild Atlantic Way, ó sì gùn tó kìlómítà 2,500, láti Malin Head ní agbègbè Donegal lápá àríwá títí dé ìlú Kinsale ní agbègbè Cork lápá gúúsù. Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀nà titun fún un. Ọ̀nà tí àwọn àgbẹ̀ àti apẹja ti ń tọ̀ látayébáyé ni, wọ́n kàn ri pátákó tó ní àmì kan náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, kí àlejò tó bá ti rí àmì náà lè mọ̀ pé òun ṣì wà lójú ọ̀nà. Díẹ̀ péré lára ọ̀nà gígùn yìí ni mo rí, ìyẹn èyí tó gba inú agbègbè Clare kọjá, tí kò jìnnà sí Galway tí mò ń gbé.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún yìí, lẹ́yìn ìdánwò wa, ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn pinnu pé a ó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ilẹ̀ wa lọ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà owó ọwọ́ wa kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní ìwé ìwakọ̀ ibẹ̀. Àǹtí kan, ọmọ Ẹdẹ, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Galway, ló fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin àbúrò mi, ta ló ní kí ẹ lọ wá mọ́tò? Ẹ wọ bọ́ọ̀sì 350 ní ibùdókọ̀, yóò gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ ṣáà mú ẹ̀wù òjò dání, kí ẹ má sì wulẹ̀ gbé agbòòrùn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fà á ya mọ́ yín lọ́wọ́.” Bí wọ́n ṣe wí náà ló rí. Ilé iṣẹ́ ìjọba ló ni bọ́ọ̀sì yìí, ó ń rìn ní Sátidé, ó sì ń rìn lọ́jọ́ Àìkú. Àkókò tí yóò gbéra àti àkókò tí yóò dé wà lára pátákó ní ibùdókọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì ní káàdì ìrìnnà ti akẹ́kọ̀ọ́ kì í san iye tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ń san. Ìyá àgbàlagbà tó lọ ra ọjà nígboro tó ń padà sí abúlé rẹ̀ ló jókòó níwájú wa, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama jókòó lẹ́yìn, àwa àlejò sì wà láàárín wọn. Mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó bá ka lẹ́tà yìí fi èyí sọ́kàn: ọkọ̀ tí ará ìlú ń wọ̀ lójoojúmọ́ ni, wọ́n kàn mú kí ó gba ibi tó lẹ́wà kọjá ni.

Ọ̀nà náà gba Kinvara, níbi tí ilé olódi kan tó ti tó 500 ọdún dúró sí létí omi, ó gba Ballyvaughan, ó sì wọ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Burren. N kò rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Òkúta ni láti ìsàlẹ̀ dé orí òkè, òkúta aláwọ̀ eérú tó tẹ́jú, tó sì sán ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ. Irú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ni. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi yé wa pé ìsàlẹ̀ òkun tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò sì jìn, ni òkúta yìí ti bẹ̀rẹ̀, láti ara ìkarahun àti egungun àwọn ẹ̀dá inú omi tó kú tó sì rọ̀ sísàlẹ̀, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 330 ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, ilẹ̀ tó di Írẹ́lándì lónìí ṣì wà nítòsí ìlà tó pín ayé dọ́gba sí àríwá àti gúúsù, ní sàkání ibi tí oòrùn ti ń mú tí àwa wà yìí, kí ó tó rọra ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi olótùútù tó wà báyìí. Èmi tí mo ti ń ráhùn òtútù láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀ ń wo òkúta tí ooru bí, ó sì wú mi lórí gan-an.

Ẹni tó bá wo ilẹ̀ yìí láti òkèèrè yóò rò pé kò sí ohun tó lè hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ojú sísán àwọn òkúta náà ni òdòdó ti ń yọ, pàápàá ní oṣù karùn-ún. Òdòdó búlúù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní spring gentian, tó jẹ́ pé orí àwọn òkè gíga olótùútù ni wọ́n ti sábà máa ń rí i ní Yúróòpù, ń hù níbẹ̀ nítòsí irúgbìn tó jẹ́ ti agbègbè Mẹditaréníà tí ooru ti ń mú. Àwọn àgbẹ̀ ló mú kí èyí ṣeé ṣe. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń da màlúù wọn lọ sórí àwọn òkè olókùúta yìí, nítorí pé òkúta náà gbẹ, ó sì máa ń dá ooru dúró díẹ̀; màlúù yóò jẹ koríko àti igbó tó fẹ́ bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn yóò sì dà wọ́n sọ̀kalẹ̀ kí ìgbà òdòdó tó dé. Àṣà àtọwọ́dọ́wọ́ ni, ó sì ti pẹ́ púpọ̀. Mo rò nípa rẹ̀ títí, nítorí pé ní ọ̀dọ̀ wa, bí wọ́n bá ti sọ pé ibì kan jẹ́ ibi ìgbafẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni pé kí àgbẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò.

Ibi tí à ń lọ gan-an ni Cliffs of Moher. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ilẹ̀ koríko tútù ni ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ bọ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí màlúù ń jẹ̀ lórí rẹ̀, lójijì ni ilẹ̀ náà sì dópin, tí ó di ògiri àpáta tó sọ̀kalẹ̀ gbọnrangandan sínú òkun. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ níhà gúúsù, níbi tí wọ́n ń pè ní Hag’s Head, gíga ògiri náà jẹ́ mítà 120. Kìlómítà mẹ́jọ sí ibẹ̀ níhà àríwá, nítòsí ilé ìṣọ́ O’Brien, ó ti ga dé mítà 214. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ní bí a bá gbé Ilé Kòkó méjì lé ara wọn lórí ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, orí ìkejì kò ní yọ sí wa, òótọ́ sì ni, nítorí mítà 105 ni gíga Ilé Kòkó. Ìpele ìpele ni àpáta náà, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan eérú, bí ìgbà tí ìyá àgbà bá to aṣọ òkè jọ sínú àpótí láti ọdún dé ọdún. Odò ńlá kan ló ń gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá sínú òkun ní ohun tó ju mílíọ̀nù 300 ọdún lọ sẹ́yìn. Ohun tí odò náà gbé wá ló ń lé ara rẹ̀ lórí títí tó fi di òkúta. Odò náà ti lọ tipẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kù.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ le débi pé ènìyàn ní láti dúró gírí kí ó tó lè sọ̀rọ̀. A kò gbọ́ ariwo ìgbì láti òkè, ó jìnnà jù. Igbe ẹyẹ ni à ń gbọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òkun ló ń yé ẹyin sí orí àwọn ìpele tóóró tó wà lára ògiri àpáta náà, nítorí pé kò sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí ènìyàn tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀. Èyí tí àlejò máa ń fẹ́ rí jù ni puffin, ẹyẹ kékeré tó dúdú lẹ́yìn, tó funfun láyà, tí ẹnu rẹ̀ pupa yòò. Inú òkun ló máa ń gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, àárín oṣù kẹrin sí oṣù keje nìkan ló ń wá sórí ilẹ̀ láti pamọ. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yá wa ní awò amúǹkan-súnmọ́ni, ó sì fi ibi tí a ó wò hàn wá, nítorí ojú lásán kò lè rí wọn dáadáa láti ibi tí a dúró sí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ní iṣẹ́ òun nìyẹn.

Níbi iṣẹ́ obìnrin yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, Olóòtú. Mo béèrè ẹni tó gbà á síṣẹ́, ó sì dá mi lóhùn pé ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ Clare ló ni ilé ìgbàlejò tó wà níbẹ̀, òun ló sì ń bójú tó o, bẹ́ẹ̀ ó ju mílíọ̀nù kan àlejò lọ tó ń débẹ̀ lọ́dún. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí ilé náà, inú òkè ni wọ́n sì kọ́ ọ sí, tí koríko hù bo òrùlé rẹ̀, kí ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀ má baà rí ilé kankan tí yóò dí ojú àpáta lọ́wọ́. Wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n wà ní àdúgbò náà ṣe ògiri sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí ènìyàn bá wo òkúta náà dáadáa, yóò rí ipa tí àwọn kòkòrò ìgbà láéláé tọ̀ lórí ẹrẹ̀ kí ẹrẹ̀ náà tó di òkúta. Owó ìwọlé wà lóòótọ́, n kò sì ní sọ pé ó kéré lójú akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn ń rí ohun tí wọ́n fi ń ṣe: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn wà, òṣìṣẹ́ tó lè dáhùn ìbéèrè wà.

Wọn kò sì fi ewu ibẹ̀ pamọ́. Afẹ́fẹ́ àti ìgbì ń jẹ àpáta náà, ilẹ̀ lè ya lójijì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá dúró sí bèbè, àwọn ènìyàn sì ti ṣubú láti ibẹ̀ tí wọ́n kú. Ní 2024, wọ́n ti apá púpọ̀ lára ọ̀nà ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé bèbè náà pa, láìka pé àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Àwọn oníṣòwò kan lè pàdánù owó, síbẹ̀ wọ́n tì í. Ní tèmi, ìpinnu yìí jọ mí lójú ju ilé tó wà nínú òkè lọ.

Ilé ìṣọ́ O’Brien tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Cornelius O’Brien ló kọ́ ọ ní 1835 kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wò àpáta náà nígbà ayé rẹ̀ lè ríbi gùn. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìgbàlejò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, láti ibẹ̀ ni ènìyàn yóò ti rí àwọn erékùṣù Aran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí omi, Inis Mór, Inis Meáin àti Inis Oírr. Ọlọ́run ṣàánú wa, ó mọ́ fún wákàtí kan kí òjò tó dé.

A sùn ní Doolin lálẹ́ ọjọ́ náà, ní ilé ibùsùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wọ̀ sí. Abúlé kékeré ni, orin ìbílẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí, àwọn ará ibẹ̀ ń ta gòjé wọn, wọ́n ń fun fèrè wọn, wọ́n kò sì lé wa sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Inis Oírr, èyí tó kéré jù nínú àwọn erékùṣù Aran, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 400. Ọkọ̀ náà jó lórí ìgbì débi pé ọ̀rẹ́ mi kò lè jẹun títí di ọ̀sán.

Mo fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ tó bá gbọ́ lẹ́tà yìí mọ ohun tí àwọn ènìyàn erékùṣù yẹn ṣe. Òkúta lásán ni ilẹ̀ wọn, kò ní erùpẹ̀ tó pọ̀ tó láti gbin ohun jíjẹ. Àwọn baba ńlá wọn ló ń fi agbọ̀n ru iyanrìn àti koríko òkun láti etí omi wá sórí òkúta, wọ́n tẹ́ wọn lé ara wọn, títí ó fi di ilẹ̀ tí ọ̀dùnkún lè hù lórí rẹ̀. Òkúta tí wọ́n ṣà kúrò nílẹ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri láìlo àpòpọ̀ kankan, tí wọ́n fi pín oko sí kéékèèké kí afẹ́fẹ́ má baà gbá erùpẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá lọ. Àwọn ògiri náà ṣì dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wọn, èyí tí wọ́n fi sọrí Caomhán mímọ́, ti rì sínú iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbá bò ó. Lọ́dọọdún, kí ọjọ́ ìrántí ẹni mímọ́ náà tó pé nínú oṣù kẹfà, àwọn ará ìlú á kó ọkọ́, wọ́n á wa iyanrìn kúrò kí ṣọ́ọ̀ṣì náà lè tún yọ síta. Ní ìhà kejì erékùṣù náà, ọkọ̀ ojú omi onírin ńlá kan wà lórí òkúta, ó ti dípẹtà pátápátá. Ìjì ló gbé e sọlẹ̀ níbẹ̀ ní 1960, àwọn ará erékùṣù náà ló sì ta okùn sí àwọn atukọ̀ inú rẹ̀, tí wọ́n fà wọ́n gúnlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kankan kò kú. Èdè Írẹ́lándì ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn níbẹ̀. Ọmọdé kan tó ń bá màmá rẹ̀ ta kọfí fi èdè náà kí wa kí ó tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tí a fẹ́ mu, àwọn pátákó ojú ọ̀nà náà sì fi èdè wọn ṣáájú.

Kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà, ó yẹ kí àwọn òbí tó ní ọmọ ní Írẹ́lándì gbọ́ ohun kan. Ibi ìyanu kan wà ní etíkun àríwá erékùṣù náà tí wọ́n ń pè ní Giant’s Causeway, níbi tí òpó òkúta bíi 40,000 ti fara ti ara wọn, tí púpọ̀ nínú wọn ní igun mẹ́fà mẹ́fà; iná inú ilẹ̀ tó tú jáde tó sì tutù ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn ló bí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé òmìrán kan tó ń jẹ́ Fionn ló tẹ́ wọn láti fi ṣe afárá lọ bá ọ̀tá rẹ̀ jà ní Scotland. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kà á mọ́ ohun ìní àjùmọ̀ní aráyé láti 1986. Àwọn oníbọ́ọ̀sì ń polówó rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n Àríwá Írẹ́lándì ló wà, abẹ́ ìlú Ọba sì ni Àríwá Írẹ́lándì. Físà Írẹ́lándì kò gbé ọmọ Nàìjíríà débẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba físà ìlú Ọba lọ́tọ̀. Ẹnubodè tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró kò sí lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rò pé kò léwu. Ó léwu. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ìwé lọ́hùn-ún lè rí ìṣòro tí yóò ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa, a sì jókòó sí Clare tiwa.

Nísinsìnyí, mo bẹ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé. Igbó Ọ̀ṣun wa jẹ́ hẹ́kítà 75, ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1965, UNESCO sì fi kún ohun ìní àjùmọ̀ní aráyé ní 2005, ipò kan náà tí Giant’s Causeway wà. Odò wà níbẹ̀, igi tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti baba ńlá wa lọ wà níbẹ̀, ọ̀bọ wà níbẹ̀, àwọn ère tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ọmọ Òṣogbo bí Adébísí Àkànjí àti Kàsálì Àkàngbé fi ọwọ́ wọn mọ wà níbẹ̀. Ìtàn ọdẹ Tìmẹ́yìn àti Láróòyè, bí igi tí wọ́n gé ṣe wó sínú odò tí ohùn Ọ̀ṣun sì jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, kò kéré sí ìtàn Fionn lọ́nàkọnà. Síbẹ̀, nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Èkó àti Àkúrẹ́ láti kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, bóyá wọ́n ti dé Igbó Ọ̀ṣun, ọ̀pọ̀ wọn dáhùn pé àwọn ń dúró de ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí èrò pọ̀ débi pé ènìyàn kò ní lè wo ère kan tán kí wọ́n tó tì í síwájú. Àwọn mìíràn ní ẹ̀sìn àwọn kò gba àwọn láyè. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn oníkálukú, ṣùgbọ́n nítòsí Liscannor, tí kò jìnnà sí Cliffs of Moher, kànga kan wà tó jẹ́ ti Brigid mímọ́. Àwọn kan ń kúnlẹ̀ gbàdúrà níbẹ̀, àwọn kan ń kàn wá wò ó, ẹnì kankan kò sì dí ẹnì kejì lọ́wọ́.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Òṣogbo àti àgbègbè rẹ̀ kò ju agbára wọn lọ. Mo mọ̀ pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń ṣe àkóso inú Igbó Ọ̀ṣun, n kò sì ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀sì kan ni mò ń sọ, èyí tí yóò máa gbéra ní Òkè-Baálẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí yóò gba Old Garage kọjá lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí àkókò rẹ̀ yóò wà lára pátákó, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì san ìdajì owó. Bó bá ṣe déédéé fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n fi ìkejì kún un, tí yóò máa gba Iléṣà lọ sí ìṣàn omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ìtàn síṣẹ́, bí wọ́n ṣe gba obìnrin tó yá wa ní awò síṣẹ́, kí wọ́n sì san owó oṣù fún wọn, kí wọ́n má baà máa wo ọwọ́ àlejò. Kí àwọn pátákó tó máa ṣàlàyé ère àti igi jẹ́ èdè Yorùbá, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e.

Bọ́ọ̀sì àti pátákó kò sì ní ní ìtumọ̀ bí odò bá kú. Omi Ọ̀ṣun ti di pupa ẹlẹ́rẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lójú odò lókè lọ́hùn-ún, ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a sì ti ń sọ ọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Ìjọba tó lè ti ọ̀nà ẹsẹ̀ pa ní Clare nítorí ewu, tí kò sì wo ojú oníṣòwò, fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti pàṣẹ kí a sì tẹ̀lé e. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá àwọn awakùsà náà dúró, kí wọ́n sì jẹ́ kí a rí èsì àyẹ̀wò omi náà kà nínú ìwé ìròyìn bí irú tiyín.

Títí di ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo wà nílé. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ti ṣe tán láti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò wà lára àwọn pátákó náà ní èdè Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn àgbà tó mọ ìtàn ìlú sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Alága ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè rí wa nípasẹ̀ yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Òṣogbo,
Òṣogbo, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.